Òwúrọ̀ Tí Kọ̀ǹpútà Yadi

Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n kan wà nínú ilé mi ní Máfòlúkù tí mo ń bẹ̀rù, mi ò sì ní tìtorí pé mo ti lé ní ọgọ́ta ọdún kí n wá sẹ́ ẹ. Ọmọ àbúrò mi obìnrin ni. Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn tí ìyá wa kú ni wọ́n bí i, orúkọ tí a sì ń sọ irú ọmọ bẹ́ẹ̀, kò sí Yorùbá tí kò mọ̀ ọ́n. Láti ọjọ́ ìkómọ ni mo ti ń pè é ní Ìyá mi. Ẹ̀fẹ̀ ni lákọ̀ọ́kọ́. Ìgbà tó wá tó ọmọ ọdún márùn-ún, tó bẹ̀rẹ̀ sí í dá ọrùn sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan tó bá ń gbọ́ irọ́ lẹ́nu ènìyàn, bí ìyá mi ti máa ń ṣe gẹ́lẹ́, ẹ̀fẹ̀ náà kúrò lójú mi.

Ìyá mi àkọ́kọ́, ẹni tí à ń bẹ̀rù ni. Nígbà tí mo wà ní kékeré, mo fọ́ ìdérí ìkòkò rẹ̀. Mo gbẹ́ ilẹ̀ sẹ́yìn balùwẹ̀, mo sin ín. Òjò ọ̀sẹ̀ kejì hú u jáde. Kò nà mí. Ó kàn gbé àfọ́kù náà lé orí oúnjẹ mi, ó ní kí n jẹun. Títí di òní, bí mo bá ba nǹkan jẹ́, ọwọ́ mi á ti máa wá ilẹ̀ tí yóò gbẹ́ kí làákàyè mi tó dé.

Ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún ni ọmọ yìí nígbà tí ojú rẹ̀ fọ́. Àìsàn ni, mi ò ní fà á gùn. Ìsọlọ̀ ló ń gbé pẹ̀lú ìyá rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ó wá sọ́dọ̀ èmi àti ìyàwó mi nítorí pé ibi tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn tí kò ríran ní iṣẹ́ wà ní Òṣòdì, kò jìnnà sí wa. Ibẹ̀ ló ti kọ́ kọ̀ǹpútà. Olùkọ́ rẹ̀ ló fún un ní èyí tó ń lò, alágbèéká tí wọ́n ń pa dé bí ìwé. Kì í ṣe irú tí ẹ máa bá ní ibi gbogbo. Linux ni wọ́n pe ohun tó wà nínú rẹ̀. Olùkọ́ ní wọn kì í ta á, ẹni tó bá fẹ́ lè mú un, ohùn tó ń kàwé fún ẹni tí kò ríran sì wà níbẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Èmi ò mọ ìyàtọ̀. Ohun tí mo mọ̀ ni pé ọkùnrin kan wà nínú rẹ̀ tó ń yára sọ òyìnbó bí ẹni tí wọ́n ń lé. Bọ́tìnì tí ọmọ náà bá tẹ̀, onítọ̀hún á dárúkọ rẹ̀. Ibi tó bá dé lójú kọ̀ǹpútà, onítọ̀hún á kà á sí i létí. Tí kò bá sí ohùn yẹn, bíi pákó lásán ló rí níwájú rẹ̀.

Pákó ni mo mọ̀, káfíńtà ni mí. Ìwé mẹ́fà ni mo kà mọ. Mo lè ka orúkọ ṣọ́ọ̀bù, mo lè ka ohun tí wọ́n kọ sára ike gúlúù. Ohun tí mo bá bà jẹ́, mo lè fi ìṣó kàn án padà. Kọ̀ǹpútà kì í gba ìṣó, ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń gba ọ̀nà jíjìn yí i ká bí ẹni tó rí ajá tí kò mọ̀.

Mi ò mọ ohun tó tì mí lọ́sàn-án Ọjọ́rú yẹn. Ìyàwó mi mú ọmọ náà lọ dirun, nítorí ó ní ìdánwò iṣẹ́ lọ́jọ́ kejì. Orí kọ̀ǹpútà ni wọ́n ti fẹ́ dán an wò, wọn ò sì ní rí orí ẹnikẹ́ni, àmọ́ ó ní òun ò lè fi irun játijàti wá iṣẹ́. Ó ku èmi nìkan nílé. Kọ̀ǹpútà wà lórí tábìlì tí mo kàn fún un, ó ṣí sílẹ̀, ìápíìsì rẹ̀ sì kì bọ ihò tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Mo bi ara mi léèrè: kí ni ọkùnrin yìí ń sọ fún ọmọ yìí látàárọ̀ dalẹ́?

Mo jókòó. Mo ki ẹnu méjèèjì ìápíìsì bọ etí. Mo fi ìka kan tẹ bọ́tìnì kan.

Ẹ̀yin èèyàn mi, kì í ṣe bí ẹni gbọ́ rédíò. Àárín agbárí mi gan-an ni ọkùnrin náà ti sọ̀rọ̀. Mi ò gbọ́ ohun tó wí, ohun tí ara mi gbọ́ ni pé ẹnì kan ti wọlé sí mi lórí. Mo fò dìde. Wáyà kọ́ mọ́ ọwọ́ àga, èmi ń lọ ní tèmi, kọ̀ǹpútà dúró ní tirẹ̀, mo sì gbọ́ nǹkan kan tó dún kẹ́. Nígbà tí àyà mi balẹ̀, mo wo ìdí wáyà náà. Irin tó yẹ kó gùn bí orí ìka, ìlàjì rẹ̀ ló kù. Mo sọ fún ara mi pé bóyá bó ṣe wà láti ilé ìtajà nìyẹn. Ara mi ò gbà á gbọ́.

Ọwọ́ mi ti ń wá ilẹ̀ tí yóò gbẹ́. Mo ká ìápíìsì náà, mo rì í sábẹ́ ìṣó nínú àpótí irinṣẹ́ mi, mo pa kọ̀ǹpútà dé, mo sì jáde lọ fá pákó kan tó ti dán láti ìjẹta.

Ní Ọjọ́bọ̀, aago mẹ́sàn-án kò tíì lù nígbà tí ìyàwó mi jáde lọ sí ìsọ̀ rẹ̀. Mo ń mu ẹ̀kọ lọ́wọ́ ní pálọ̀ tí mo gbọ́ ohùn ọmọ náà.

"Bọ̀ọ̀dá, ẹ ò bá mi rí ìápíìsì mi?"

"Ìápíìsì? Rárá o. Bóyá ó já bọ́ síbì kan."

Ó dá ọrùn sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Mo gbé ẹ̀kọ mì lódidi.

"Kò burú," ó ní. "Màá lo sípíkà rẹ̀."

Ó tẹ bọ́tìnì. Kò sí nǹkan kan. Ó tún tẹ̀ ẹ́. Ó tẹ mẹ́rin márùn-ún léra, ó dẹ etí sí kọ̀ǹpútà bí ẹni tó ń gbọ́ mímí aláìsàn.

"Bọ̀ọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wò ó. Ṣé iná rẹ̀ ń tàn?"

"Ó ń tàn."

"Ojú rẹ̀ ńkọ́?"

"Ó mọ́lẹ̀. Ìwé wà lára rẹ̀."

"Kọ̀ǹpútà ò kú nìyẹn. Ó yadi ni."

Ó ní kí n wá jókòó ti òun. Aago mọ́kànlá ni wọ́n máa pè é láti inú kọ̀ǹpútà yẹn. Iléeṣẹ́ tó ń gba ẹ̀sùn àwọn oníbàárà ni. Ẹnì kan yóò máa ṣàròyé, òun yóò máa gbọ́, yóò sì máa tẹ ohun tó gbọ́ síbẹ̀. Ó ti lọ sí ibi méjì ṣáájú. Ibi méjèèjì, wọ́n rí ọ̀pá ọwọ́ rẹ̀, wọ́n ní kó máa lọ ná, àwọn á pè é. Títí di ìsinsìnyí, wọn ò tíì pè. Àwọn ti ẹlẹ́ẹ̀kẹta yìí ló sọ pé ojú kọ́ làwọn ń wá, etí ni. Odindi ọ̀sẹ̀ kan ló fi ń tún gbólóhùn yẹn sọ nínú ilé.

Ó tún tẹ bọ́tìnì náà, ó tún tẹ̀ ẹ́. Mi ò rí i kó dààmú tó bẹ́ẹ̀ rí, àní lọ́jọ́ tí dókítà sọ fún un pé ojú ò ní là mọ́.

"Ẹ ṣáà fi ọkàn balẹ̀, Bọ̀ọ̀dá," ó sọ fún èmi tí mo jẹ́ arúfin. "Mo mọ inú kọ̀ǹpútà yìí. Ojú nìkan ni mo máa yá lọ́wọ́ yín. Ohun tí ẹ bá rí ni kí ẹ sọ."

Mo fa àga mi sún mọ́ tábìlì, bàálù kan sì ń bà ní pápákọ̀ òfuurufú tó wà lẹ́yìn ilé wa.

"Ẹ wo òkè pátápátá, lápá ọ̀tún. Àwòrán kékeré kan wà níbẹ̀ tó dà bí ẹnu fèrè. Ṣé ẹ rí i?"

Mo wò ó. Kò jọ fèrè. Ó jọ ohun tí àwọn awakọ̀ bàálù máa ń dé sórí, tó bo etí méjèèjì. Ìápíìsì ni. Ohun tí mo rì sábẹ́ ìṣó ni wọ́n yà síbẹ̀ ní funfun, bí ẹni pé kọ̀ǹpútà ń fi ìka tọ́ mi.

"Kí lẹ rí?"

Ẹ̀rù ló fèsì, kì í ṣe èmi. Ó ní, "Fèrè ni."

"Ṣé kò sí ìlà tí wọ́n fà já a láàárín?"

"Kò sí."

"Wọn ò pa á lẹ́nu mọ́ nìyẹn. Nǹkan míì ni." Ó sì gba ọ̀nà ibòmíràn lọ, nítorí pé ojú tó yá ti júwe ọ̀nà òdì fún un.

Ó gbé ohùn sókè títí ó fi kún. Mo rí ìlà tó kún náà, òótọ́ ni mo sọ nípa ìyẹn. Ó tẹ bọ́tìnì mẹ́ta pọ̀, ojú dúdú kan là, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í to lẹ́tà funfun sínú rẹ̀ láìgbọ́ ohun kankan, bí ẹni ń rìn nínú ilé tí iná ti lọ. Ó ní ibẹ̀ ni ènìyàn ti ń pàṣẹ fún Linux.

"Kí lo pa láṣẹ fún un?"

"Mo ní kí ẹni tó ń bójú tó ohùn níbẹ̀ jáde, kó tún padà wọlé."

"Àwọn mélòó ló ń gbé inú rẹ̀?"

"Bọ̀ọ̀dá, ẹ̀yin ẹ ṣáà máa bá mi kà á."

Mo ń kà á ní lẹ́tà kọ̀ọ̀kan bí ọmọ jẹ́léósinmi. Òógùn ń kán sílẹ̀ láti imú mi. Ó pe nǹkan mìíràn jáde, ọ̀pá gbọọrọ to ara wọn bí igi ọgbà, lẹ́tà méjì lábẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ó ní bí mo bá rí M méjì, kí n sọ, ohun tí wọ́n dì lẹ́nu nìyẹn. Bó bá jẹ́ O méjì, ó ṣí. O méjì ni gbogbo rẹ̀. Kò sí ẹni tó di kọ̀ǹpútà lẹ́nu. Ó ń sọ̀rọ̀ láti àárọ̀, mo mọ̀ ọ́n lọ́kàn mi, ibi tó ń sọ ọ́ sí ni kò sẹ́ni tó mọ̀ yàtọ̀ sí èmi.

Ó pa á, ó tún tàn án. Ó pe olùkọ́ rẹ̀. Fóònù dún títí, kò sẹ́ni tó gbé e. Ó tún pè. Aago mẹ́wàá ti kọjá dáadáa. Mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í gbàdúrà, irú àdúrà tí olè máa ń gbà: pé kí Ọlọ́run tún nǹkan náà ṣe láìdárúkọ mi.

Lẹ́yìn náà ló gbé ọwọ́ kúrò lórí bọ́tìnì. Ó nù wọ́n mọ́ aṣọ rẹ̀.

"Bọ̀ọ̀dá, ẹ bá mi mú fóònù yẹn. Màá kúkú pè wọ́n, màá ní kí wọ́n mú ẹlòmíì. Ó sàn kí n sọ ọ́ ju kí wọ́n pè kí wọ́n má bá mi níbẹ̀ lọ."

Irun tó dì lánàá ń dán, epo wà lórí rẹ̀. Ohun tó mú mi nìyẹn, kì í ṣe ìgboyà. Bí mo bá ní ìgboyà ni, ǹ bá ti sọ ọ́ láti aago mẹ́sàn-án.

"Má tíì pè wọ́n," mo ní.

Mo lọ gbé àpótí irinṣẹ́ wá láti ẹnu iṣẹ́. Mo da ìṣó sórí tábìlì. Ó gbọ́ ọ, ó dá ọrùn sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Mo fa ìápíìsì náà jáde, mo fi lé e lọ́wọ́. Ó fi ìka tọ wáyà náà lọ díẹ̀díẹ̀, títí ó fi kan irin ìdí rẹ̀. Ìka náà dúró síbẹ̀.

"Nígbà wo?"

"Lánàá. Ẹ̀yin méjèèjì ò sí nílé."

"Àwòrán òkè yẹn. Fèrè ni?"

"Ìápíìsì ni."

Bàálù kan kọjá lórí ilé, àwo inú kọ́bọ́ọ̀dù gbọ̀n. Ó ká wáyà náà mọ́ ọwọ́. Mo ti ń kúnlẹ̀, orókún mi kan ti kan ilẹ̀.

"Aago mélòó ni?"

"Mẹ́wàá kọjá ogójì ìṣẹ́jú. Ìyá mi, jọ̀ọ́, dákun, iṣẹ́ èṣù ni—"

"Bọ̀ọ̀dá, ẹ dìde nílẹ̀. Ẹ̀bẹ̀ kọ́ ni mo fẹ́ báyìí, ojú ni."

Ó fi ìka wá ihò náà, ó fọwọ́ kan irin tó ṣẹ́ sínú rẹ̀. Ó ní kọ̀ǹpútà rò pé ìápíìsì ṣì wà níbẹ̀, ìyẹn ló fi ń da gbogbo ọ̀rọ̀ síbẹ̀, tí kò fún sípíkà ní nǹkan kan. Mo ní ẹ̀mú wà lọ́wọ́ mi, kí n fà á yọ. Ó ní kí n má fi ẹ̀mú kan kọ̀ǹpútà òun, kí n má tilẹ̀ wo apá ibẹ̀ mọ́. A ò ní yọ irin. A máa sọ fún kọ̀ǹpútà pé kó má ka irin sí.

Ó tẹ̀ ẹ́ títí a fi dé ibi tí wọ́n ti ń yan ọ̀nà tí ohùn máa gbà jáde. Ó ní kí n ka ohun tó wà níbẹ̀.

"Ìlà méjì ni. Àkọ́kọ́, H, E, A, D..."

"Ìápíìsì nìyẹn. Orí rẹ̀ ni wọ́n sàmì sí?"

"Orí rẹ̀ ni."

"Ìkejì?"

"Ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú S. S, P, E, A..."

"Ó dá yín lójú?"

"Ó dá mi lójú."

"Ẹ tún wò ó."

Mo tún wò ó. Mo fi ìka lé e, mo ka lẹ́tà rẹ̀ títí dé òpin, bí mo ti ń wọn pákó tí wọn kì í gé lẹ́ẹ̀mejì. Ó tẹ bọ́tìnì tó ń sọ̀ kalẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó ní kí n wò bóyá àmì ti bọ́ sórí ìkejì. Mo ní ó ti bọ́ síbẹ̀. Ó tẹ̀ ẹ́.

A ti gbé ohùn sókè títí ó fi kún, a sì ti gbàgbé. Ọkùnrin inú kọ̀ǹpútà bú jáde bí ẹni tí wọ́n ti dì lẹ́nu láti àná. Èmi tí mo ti mọ̀ pé ó ń bọ̀, mo ṣì fi orókún gbá tábìlì, ìṣó sì dà sílẹ̀ káàkiri pálọ̀. Ọmọ náà ò mira. Ó dín ohùn kù. Ó tẹ bọ́tìnì kan, wọ́n dárúkọ rẹ̀. Ó tẹ òmíràn, wọ́n dárúkọ rẹ̀. Mo rí èjìká rẹ̀ tó sọ̀ kalẹ̀.

"Ẹ jáde, kí ẹ pa ilẹ̀kùn dé," ó ní. "Kí ẹ bá mi ṣọ́ ariwo."

Mo ṣọ́ ọ. Mo lọ bá ìyá tó ń lọ ata lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé wa, mo bẹ̀ ẹ́ pé kó pa ẹ̀rọ rẹ̀ fún wákàtí kan péré. Ó wo ojú mi.

"Ta ló kú?"

"Kò tíì sẹ́ni tó kú."

"Kí ló wá dé tí ẹ rí báyìí?"

"Ìyá mi ń ṣe ìdánwò."

Ó pa ẹ̀rọ náà. Mo rò pé ojú àánú ló fi wò mí, bí wọ́n ti ń wo ẹni tí orí rẹ̀ ń dàrú. Mo padà wá jókòó sí ẹnu ilẹ̀kùn. Bàálù nìkan ni mi ò rí ẹni bẹ̀ sí. Bí mo bá ti gbọ́ ọ lókèèrè, màá máa ka ení, èjì, títí yóò fi kọjá, bíi pé èmi ni mo gbé e sójú ọ̀run. Nínú ilé, mo ń gbọ́ obìnrin kan tó ń fi òyìnbó ṣàròyé, mo sì ń gbọ́ ìró bọ́tìnì tó ń yára bí òjò lórí páànù. Mi ò mọ bóyá ohun tó ń tẹ̀ tọ̀nà. Mo mọ̀ pé kò dúró.

Nígbà tó ṣílẹ̀kùn, ó ní wọ́n ní kí òun bẹ̀rẹ̀ ní oṣù tó ń bọ̀. Ó sọ ọ́ bí ẹni sọ pé omi ti dé. Mo fẹ́ fò mọ́ ọn, àmọ́ ìṣó wà nílẹ̀ lẹ́sẹ̀ rẹ̀, mo sì ní láti kọ́kọ́ ṣà wọ́n.

Lọ́sàn-án, ó gbé oúnjẹ wá fún mi, ó dé e. Mo ṣí ìdérí. Lórí ẹ̀bà, ìápíìsì náà ká rìbìtì, irin rẹ̀ tó ṣẹ́ dojú kọ mí.

"Bọ̀ọ̀dá, ẹ jẹun," ó ní, ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Mi ò sọ ọ̀rọ̀ ìdérí ìkòkò yẹn fún ọmọ náà rí. Mo bi ìyàwó mi lálẹ́ bóyá mo sọ ọ́ fún òun rí. Ó ní ìdérí wo. Mo ní kó má ṣèyọnu. Mo jẹ ẹ̀bà náà tán lọ́jọ́ yẹn o, mi ò ṣẹ́ ẹyọ òkèlè kan kù.

Olùkọ́ rẹ̀ ti yọ irin náà jáde láti ìgbà yẹn. Ọmọ náà ń jókòó ṣe iṣẹ́ rẹ̀ nílé, lórí tábìlì tí mo kàn, ó sì ṣì máa ń yá ojú mi: bóyá iyọ̀ ló wà nínú ike yìí tàbí ṣúgà, bóyá aṣọ yìí ti ṣá. Mo máa ń sọ fún un. Á dá ọrùn sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, á ní, "Ẹ tún wò ó." Kò bínú, kì í sì í gbàgbé. Èmi náà kì í bá a jiyàn. Màá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, màá wo iyọ̀ náà lẹ́ẹ̀kejì, màá fi ìka kan tọ́ ọ wò, kí n tó ní iyọ̀ ni.